Ìwádìí Tí Mo Fi Ọ̀rọ̀ Ẹ̀ṣẹ́ Ṣe

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi yẹ kòkó wò fún ìjọba kí n tó fẹ̀yìntì. Iṣẹ́ náà kò le lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á to àpò kòkó síwájú rẹ, wàá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, wàá fa ìwọ̀nba hóró jáde, wàá sì fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wàá ti rí èyí tó ti bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ, àti èyí tí wọn kò sá gbẹ. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé àpò tí òkè rẹ̀ bá dán jù ni kí n kọ́kọ́ gún, nítorí àgbẹ̀ tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn kì í rántí láti to èyí tó dára sókè.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi obìnrin wá kí wa nílé wa ní Àkúrẹ́, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó jókòó sí etí àga, tó ní òun kò fẹ́ nǹkan kan ju omi lọ, ara ti fu mí. Ọmọ Oǹdó ni. Ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alágbàká ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Kò sí èyí tó burú nínú ìwọ̀nyẹn. Mo jẹ́ kó mu omi rẹ̀ tán, mo wá bi í ní ìbéèrè tí mo máa ń bi ọkùnrin yòówù tí mo bá fẹ́ mọ inú rẹ̀.

Mo ní, nínú àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó wúwo jù lọ láyé, bí a bá gbé ọ̀gá ayé àtijọ́ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́ pàdé ọ̀gá òde òní, ta ni yóò borí? N kò ní dárúkọ wọn síhìn-ín, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ á mọ irú èèyàn tí mò ń wí. Ti àtijọ́ ni mo ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀-Ijó, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ojú kan. Ti ìsinsìnyí ni mo ń pè ní Òpó-Iná, nítorí bó ṣe ga tó, àti pé ibi tí o bá fi í sí náà ni wàá padà bá a.

"Ẹlẹ́sẹ̀-Ijó ni, sà," ni ọmọkùnrin náà wí. Kò tilẹ̀ rò ó. Ó ní ráúńdù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń jà nígbà náà. Ó ní gíga kì í ṣe ọgbọ́n. Ó ní igi tó ga jù ni atẹ́gùn ń kọ́kọ́ rí.

Gbólóhùn igi àti atẹ́gùn yẹn, èmi ni mo ni ín. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ ọ́, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe ará ilé mi rí. Mo wo ọmọ mi, ó ń wo kọ́ọ̀pù. Mo wo ìyàwó mi, ó ti dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Mo bá a yọ̀, mo gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún mo ti gbé irin gígún mi jáde.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kì í ṣe eré lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí Ẹlẹ́sẹ̀-Ijó lórí tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun, ní pálọ̀ tíṣà kan ládùúgbò wa. A pọ̀ débi pé ojú fèrèsé ni àwa ọmọdé wà. Ẹni tó ń bá a jà lọ́jọ́ náà sanra jù ú lọ, apá rẹ̀ tó itan èèyàn, ṣùgbọ́n bó bá ti ju ẹ̀ṣẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Tíṣà náà ń lu orúnkún ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi, tí kì í rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi Ẹlẹ́sẹ̀-Ijó ṣe ti ara mi.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Òpó-Iná ní àwíjàre tiwọn, n kò ní purọ́. Wọ́n ní àwọn akànṣẹ́ òde òní ga jù, wọ́n wúwo jù, dókítà ló ń sọ ohun tí wọn yóò jẹ, wọ́n sì ń jókòó ti fídíò kí wọ́n lè rí gbogbo àṣìṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ bá jà. Wọ́n ní bí a bá mú àwọn méjèèjì dúró pọ̀, àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni a ó pè wọ́n. Èsì tèmi ni pé ráúńdù méjìlá ni wọ́n ń jà báyìí. Ta ni yóò gbé gbogbo ẹran ara yẹn rìn dé ìkẹtàlá? Láyé ìjọ́sí, wọ́n ń jà léraléra. Ti òde òní á jà lẹ́ẹ̀kan, á lọ sinmi títí àwọn èèyàn á fi gbàgbé ojú rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó bá tóbi ló ń wú ẹni tó bá yan Òpó-Iná lórí. Irú wọn ló ń ra mọ́tò kí wọ́n tó ra ilẹ̀. Èyí tó bá sì ní àwọn méjèèjì dára, ojú ayé ló ń ṣe, kí ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún un.

Nínú ilé tèmi, a kì í jiyàn lórí rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-Ijó ni ìyàwó mi gbà. Ọmọ mi, ọ̀kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, láti ọmọ ọdún méje ló ti ń ka ìdí rẹ̀ fún àlejò bí àkọ́sórí ilé ìwé, àwọn àlejò á pàtẹ́wọ́, orí mi á wú. Mo máa ń sọ fún wọn pé ilé tó fìmọ̀ ṣọ̀kan ni ilé mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ọmọkùnrin yẹn wá, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọjà Ọba. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Alhaji, ó ti pẹ́ tó ti ń ta ìṣó, wáyà àti gílóòbù níbẹ̀.

"Alàgbà," ó ní, "ọkọ ọmọ yín wá ra wáyà lọ́dọ̀ mi lánàá. Ọmọ dáadáa ni o."

Mo ní kí ló fi mọ̀.

"Àwọn kan ń wo ìjà lórí fóònù níwájú ṣọ́ọ̀bù, òun náà dá sí i. Ó ní ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Òpó-Iná yẹn á ti fi ọwọ́ kan ṣoṣo parí ti àtijọ́ kí ráúńdù kẹrin tó dé. Ó pa wá lẹ́rìn-ín gan-an."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìṣó tó ti wà ní títò tẹ́lẹ̀.

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹlẹ́nu méjì ni ọmọkùnrin náà. Ẹni tó lè purọ́ fún mi lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́, kí ni kò ní purọ́ lé lórí? Ó lè ní ìyàwó síbòmíràn. Àìsàn lè wà nínú ìdílé wọn. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù sí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí ìdílé méjèèjì ti fi sí, bí ọjọ́ náà bá sì kọjá, ọmọ mi ti wọlé ẹni tí n kò mọ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi pa á mọ́ fún mi kó tó mú un wá, ìyẹn gan-an sì wà lára ohun tó ń fu mí lára.

"Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ìyàwó mi wí. "Bí ìwádìí bá wù yín, ẹ rán ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ìyàwó kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé àna lọ wádìí. Wọ́n á fi wá ṣẹ̀sín."

Òótọ́ ló sọ. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ tutù ni à ń rán, á lọ bí ẹni tó ń kọjá lọ, á bi àwọn ará àdúgbò bóyá wèrè, olè tàbí oníjà wà nínú ilé náà, á padà wá jábọ̀. Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi gún àpò rí lẹ́nu iṣẹ́, n kò sì rí ìdí tí n ó fi bẹ̀rẹ̀ lórí ọmọ mi.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Nígbà tí a fi máa dé Ọ̀wẹ̀nà, níbi tí àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń sá tẹ̀ lé ọkọ̀, mo ti ro irọ́ tí n ó pa: mò ń wá yàrá tí mo fẹ́ yá. Inú mi dùn sí irọ́ náà. N kò rí i pé irọ́ ni nígbà yẹn, ìwádìí ni mo pè é.

Àdúgbò ilé wọn kò jìnnà sí Yábà tó wà nínú Oǹdó. Mo bi mẹkáníìkì kan tó ń tú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà. Ó ní ọmọ gidi ni ọmọ ilé yẹn, bó bá ti Àkúrẹ́ dé, ó máa ń kí gbogbo èèyàn. Mo bi ìyá kan tó ń ta èédú. Ó ní ọmọ gidi ni, ó máa ń kí gbogbo èèyàn. Mo bi bàbá kan tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ohun kan náà ló sọ. Èèyàn mẹ́ta, gbólóhùn kan! Ẹnì kan ti to kòkó dídán sókè fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹnì kẹrin lọ nígbà tí obìnrin kan yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé náà gan-an, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè orí.

"Bàbá ìyàwó," ó ní, "oòrùn ń pa yín. Ẹ wọlé."

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọkùnrin náà ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì. Òun ló tọ́ ọmọ náà dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Èdè Oǹdó pọ́ńbélé ló fi ń dá àwọn tó wà níta lóhùn, n kò gbọ́ ju ìdajì lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ti jókòó ló yí i sí Yorùbá ilé ìwé fún mi. Mo bi í bó ṣe mọ̀ mí.

"Mo ti rí yín rí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní Àkúrẹ́. Mo jókòó síwájú ilé tó kọjú sí tiyín, mo ní mò ń dúró de ẹnì kan. Mo bá àwọn aládùúgbò yín sọ̀rọ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ yín tó ń ta ìṣó pẹ̀lú."

Ara mi gbóná. Èmi! Èmi tí mo ti fi ojú mi yẹ àpò tí n kò lè kà mọ́, ẹnì kan jókòó síwájú ilé mi, ó gún mi wò, n kò sì mọ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n wá sọ fún un.

"Wọn ò bú yín. Wọ́n ní ẹ kì í jalè, ẹ kì í mutí, ẹ kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn sọ pé ilé yín ò ní ju ẹnu kan lọ."

Mo ní n kò tíì dé ibẹ̀ yẹn. Mo ní kó kọ́kọ́ dáhùn tèmi: ọmọ rẹ̀ purọ́ fún mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tó sọ ní pálọ̀ mi àti ohun tó sọ ní Ọjà Ọba. Mo rò pé ẹnu máa yà á.

"Mo mọ̀," ó ní. "Orí àga tí ẹ jókòó sí yìí ló ti kọ́ ọ. Èmi ni mo ń ṣe bíi yín, tí mò ń bi í ní ìbéèrè. Ẹlẹ́sẹ̀-Ijó, ráúńdù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, igi àti atẹ́gùn, ọmọ yín ló kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù fún un. Mo ní kí ló dé tí kò lè sọ tinú ara rẹ̀. Ọmọ yín fúnra rẹ̀ ló bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, 'Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dán an wò. Màmá mi ló kọ́ èmi náà.'"

Mo kúrò lórí àga náà, mo bọ́ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Sátidé yìí ni ẹbí wa máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí," ó ní. "Èmi ni wọ́n rán ní ìwádìí, èmi ni n ó jábọ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ yín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹni tó ti ń pa inú mọ́ fún bàbá rẹ̀ láti kékeré, ìgbà wo ló máa ṣí i fún ọkọ? Ọmọ tèmi sì ti ń kọ́ ọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ló lò nílé yín, ó ti purọ́ kan. Bí mo bá sọ fún ẹbí pé kí wọ́n má lọ, wọn ò ní lọ. N ò tíì mọ ohun tí n ó sọ."

Mo dìde. N kò dúró jẹ iyán tó ní òun ti ń gún. Nínú ọkọ̀, mo ń bá gbogbo wọn jà lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaji ti dalẹ̀ mi. Àwọn aládùúgbò ń jowú. Obìnrin náà fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn ló ṣe ń wá àwáwí. Nígbà tí a fi máa kọjá Bọ́lọ́rùndúró, ó ti dá mi lójú pé ìyàwó mi ló wà nídìí ọ̀ràn náà látòkè délẹ̀.

Ẹ̀wà ló ń ṣà nígbà tí mo wọlé. N kò kí i.

"Ta ló máa borí?" mo ní.

"Ẹlẹ́sẹ̀-Ijó."

"Kí lo fi mọ̀?"

Ó ju òkúta kan nù nínú ẹ̀wà náà. "Dádì, n ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. N ò wo ìjà parí rí."

"Látọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n?"

"Ọdún kìíní tí ẹ gbé mi níyàwó, tí wọ́n gbé yín lọ síbi iṣẹ́ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ẹ bi mí. Òpó-Iná mìíràn ló wà nígbà náà. Mo ní èmi rò pé èyí tó tóbi ló máa borí. Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ ò fi jẹ oúnjẹ mi, tí ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀. Mo wà nínú oyún." Kò bínú bó ṣe ń sọ ọ́. "Nígbà tí ọmọ yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ."

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ mẹ́rin náà dáadáa, torí ebi pa mí. Mo rántí ibi tí mo ti ń lọ jẹ búrẹ́dì. Ohun tí n kò rántí rárá ni pé ó wà nínú oyún. Ojú tì mí níwájú rẹ̀, mo sì bínú pé ojú ń tì mí, mo lọ jókòó síta títí oòrùn fi wọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mi dé láti Ìlárá-Mọ̀kín níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kó jókòó, kí ìyá rẹ̀ náà jókòó. Mo sọ fún un pé mo ti lọ sí Oǹdó, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò sì bínú. Mo ní tinú rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ lónìí, ohun yòówù kó jẹ́, n kò ní dá sí i. Mo gbìyànjú láti jẹ́ kí ohùn mi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé ta ló rò pé yóò borí.

Obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ni ọmọ mi, ó ń darí èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ó yíjú, ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ẹlẹ́sẹ̀-Ijó ni, Dádì," ó ní. "Gíga kì í ṣe ọgbọ́n."

Ó dùn mí wọra. Kò sí ẹ̀ṣẹ́ tí Òpó-Iná lè jù tó máa dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dáa, mo ní kó lọ jẹun. Mo wọ yàrá lọ, mo wá nọ́ńbà ìyá Oǹdó yẹn nínú fóònù ìyàwó mi, mo pè é. Mo sọ fún un pé ohun tí wọ́n sọ fún un nípa mi ní Àkúrẹ́, òótọ́ ni. Mo ní kó jábọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹbí lọ́la, kó má fi bò, ṣùgbọ́n kó sọ fún wọn pé ẹ̀bi ọmọ mi kọ́, ẹ̀bi mi ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ má torí tèmi kọ̀ ọ́. N kò bẹ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Mo ń gbọ́ ìró fáànù níbi tó wà.

"Bàbá," ó ní, "ta ló kọ́ yín ní ohun tí ẹ sọ yìí?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ó ní ó dáa, òun ti gbọ́. Ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́. Mo di fóònù náà mú síbẹ̀, mò ń wá ohun tí mo tún lè sọ, n kò sì rí ọ̀kan ṣoṣo tí èmi fúnra mi ìbá gbà gbọ́ ká ní èmi ni mo wà ní ipò rẹ̀.